A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ? Ẹ̀kọ́ lórí Bí a Ṣe Ń Wọn Ìlera Ìlú



Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí kò dá lórí àrùn kan pàtó. Mo fẹ́ kí a jọ wo ohun tí a ń pè ní ìlera, kí a sì mọ ọ̀nà tí a ń gbà mọ̀ bóyá ara ìlú kan le tàbí kò le. Ẹnì kan ṣoṣo kò ṣòro láti yẹ̀ wò. Bí ẹ bá gbé e wá sí ọ̀dọ̀ mi ní dìsípẹ́ńsárì, n ó fi ohun ìwọ̀n ìgbóná ara sí i ní abíyá, n ó wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, n ó sì fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru dì í ní apá. Ṣùgbọ́n ìlú lódidi kò ní abíyá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní apá tí a lè dì. Báwo wá ni a ó ṣe mọ̀ bí ó bá ń ṣe àìsàn?

Ìwé ni a fi ń yẹ ìlú wò: ìwé ìbí, ìwé ikú, káàdì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àti ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ẹnu àwọn ìyá jáde. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò bá pé, inú òkùnkùn ni àwọn tí ń tọ́jú ìlú ń rìn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kan ti ń dí wa lọ́nà, nítorí wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín lónìí pé kí ẹ jẹ́ kí a ka ọmọ yín, èyí tí ó wà láàyè àti èyí tí ó ti lọ.

KÍ NI ÌLERA?

Bí Yorùbá méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, wọn kì í béèrè ara nìkan. "Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?" Ẹni tí kò ní ibà, tí kò ní ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n tí kò rí oorun sùn nítorí gbèsè, kò lè fi gbogbo ẹnu dáhùn pé àlàáfíà ni. Obìnrin tí ara rẹ̀ le bí òkúta, tí kò sì sí àlàáfíà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, òun náà yóò rọra dáhùn ni.

Ní 1946, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 61 fi ọwọ́ sí ìwé òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìlú Niu Yọ́ọ̀kì, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin, 1948. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ nípa ìlera bá ìkíni wa mu. Wọ́n ní kí ara ènìyàn pé, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ìgbé ayé òun àti àwọn tí ó yí i ká sì dára. Àìsí àrùn nìkan kò tó.

Ohun tí ó gbòòrò báyìí kò rọrùn láti wọ̀n. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe mú ìwọ̀nba nǹkan tí a lè kà, tí wọ́n ń gba ibẹ̀ wo ìyókù, bí ẹni tí ó yọjú ní fèrèsé kí ó lè mọ bí inú ilé ti rí. Nínú gbogbo fèrèsé wọ̀nyí, èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù ni ti ikú àwọn ọmọdé. Ohun gbogbo ni ó kọ́kọ́ ń hàn lára ọmọ kékeré. Bí omi àdúgbò kò bá dára, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ yàgbẹ́ gbuuru. Bí oúnjẹ bá wọ́n, irun ọmọ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n. Bí gọ́tà bá kún tí ẹ̀fọn sì ń pọ̀ sí i, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ gbóná. Bí ilé ìgbẹ̀bí bá jìnnà, ọmọ tuntun àti ìyá rẹ̀ ni yóò fi ara gbá a.

KÍKA ÒKÚ NÌKAN KÒ TÓ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ti mọ ẹ̀kọ́ yìí kí n tó dé. Bí ẹnì kan bá ráhùn pé tòmátì mẹ́wàá bà jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ìbéèrè tí ẹ ó bi í ni pé, "Nínú mélòó?" Mẹ́wàá nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá kò tó ohun tí a ń sunkún sí. Mẹ́wàá nínú ogún, gbèsè dé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ẹ ro ìlú méjì. A ó pe ọ̀kan ní Ìlú Òkè, a ó sì pe èkejì ní Ìlú Odò. Láàárín ọdún kan, ọmọ 200 ni a bí ní Ìlú Òkè, 10 nínú wọn sì kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Ní Ìlú Odò, ọmọ 1,000 ni a bí, 30 sì kú. Ẹni tí ó bá ka òkú nìkan yóò ní Ìlú Odò ni kí a sáré lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ti Ìlú Òkè ṣe ẹgbẹ̀rún, ọmọ 50 ni yóò jẹ́. Ìlú Òkè gan-an ni ilé ti ń jó.

Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń gbọ́ lórí rédíò pé iye báyìí kú "nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí láàyè." Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ìwé ìbí fi ṣe pàtàkì. Bí a kò bá mọ iye tí a bí, iye tí ó kú kò lè sọ nǹkan kan fún wa.

ÌWÉ TÍ Ó WÀ LÓRÍ TÁBÌLÌ MI

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì mi ní dìsípẹ́ńsárì. Gbogbo ẹni tí ó bá wọlé ni mo ń kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, àti ohun tí ń ṣe é. Ìwé dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá nìkan ni ó mọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú nílé, tí ó kú ní òru, tí wọ́n sì sin kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí nínú rẹ̀.

Ó tún lè ṣi ènìyàn lọ́nà bí a kò bá fi ọgbọ́n kà á. Bí ibà bá pọ̀ nínú rẹ̀ ní oṣù kan, ó lè jẹ́ pé ibà pọ̀ nílùú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn ọ̀fẹ́ ni ó dé, tí gbogbo ayé fi rọ́ wá. Bí ó bá ṣófo, ó lè jẹ́ pé ara ìlú le, ó sì lè jẹ́ pé òjò wó afárá tí àwọn ènìyàn ń gbà wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ara ìlú ti rí gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé.

ÀWỌN TÍ Ń KAN ILẸ̀KÙN

Ní orílẹ̀-èdè wa, Àjọ Elétò Ìkànìyàn a máa rán àwọn òṣìṣẹ́ tí a ti kọ́ lọ bá àwọn ènìyàn nílé nípa ọ̀rọ̀ ìlera. Ní 2018, obìnrin 41,821 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Wọ́n jókòó ti obìnrin kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bi í pé: Ọmọ mélòó ni ẹ ti bí? Ìgbà wo ni ẹ bí àkọ́bí? Ṣé ó wà láàyè? Bí kò bá sí, oṣù mélòó tàbí ọdún mélòó ni ó jẹ́ kí ó tó lọ? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí dé orí àbíkẹ́yìn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, wọn kò dé ilé tèmi. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ti gbogbo Nàìjíríà?" Ẹ̀yin tí ń se ọbẹ̀, ṣé gbogbo ìkòkò ni ẹ ń mu kí ẹ tó mọ̀ bóyá iyọ̀ dùn ún? Ṣíbí kan tó, bí a bá ti ro ọbẹ̀ náà dáadáa. Àwọn onímọ̀ máa ń "ro ọbẹ̀" nípa pé wọ́n mú àwọn àdúgbò láti ìpínlẹ̀ gbogbo, ìlú ńlá àti abúlé, láìṣe ojúsàájú.

Ẹ wo ohun tí ṣíbí náà fi hàn. Èyí ni iye àwọn ọmọ tí ó kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, nínú ẹgbẹ̀rún tí a bí láàyè:

Ìwádìí ọdún 2003: ọmọ 201.
Ìwádìí ọdún 2008: ọmọ 157.
Ìwádìí ọdún 2013: ọmọ 128.
Ìwádìí ọdún 2018: ọmọ 132.
Ìwádìí ọdún 2023 sí 2024: ọmọ 110.

Ní 2003, ọmọ kan nínú márùn-ún ni kì í rí ọdún karùn-ún rẹ̀. Nínú ìwádìí tí ó kẹ́yìn yìí, ó ti di bí ọmọ kan nínú mẹ́sàn-án. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, 91 tí ikú ìbá ti mú lọ ni ó ń yè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lára ohun tí ó ṣe é. Nẹ́ẹ̀tì apẹ̀fọn wà níbẹ̀. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru náà wà níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí bí ó ti lọ láti 128 sí 132 dà yín láàmú jù. Nígbà tí ó jẹ́ pé ṣíbí ni a fi tọ́ ọbẹ̀ wò, ìyàtọ̀ kékeré kò tó ohun tí a fi ń pariwo. Ọ̀nà tí ó ń tọ̀ láti ogún ọdún ni kí a wò.

Nígbà mìíràn, kíkà a máa bá wa dé orí òdo. Bí a ṣe mọ̀ pé ṣànpọ̀nná ti tán láyé ni pé a wá ẹni tí ó mú kiri, a kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kò fi ku ẹyọ kan. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde rẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ṣe kéde ní oṣù kẹjọ, 2020, pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti inú igbó, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà.

ỌMỌ TUNTUN KÒ TÍ Ì BỌ́

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí òun ni ó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Nínú àwọn ìwádìí kan náà, wọ́n ka àwọn ọmọ tí ó kú kí wọ́n tó pé oṣù kan. Ní 2003, 48 ni nínú ẹgbẹ̀rún. Ní 2008, 40. Ní 2013, 37. Ní 2018, 39. Ní 2023 sí 2024, 41.

Ẹ ó rí i pé nígbà tí ikú àwọn ọmọ tí ó ti ń rá, tí ó ti ń rìn, ń dín kù gidigidi, ti ọmọ tuntun dúró sí ojú kan láti 2008. Nínú 110 tí ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, 41 ni kì í rí ọjọ́ ọgbọ̀n. Bí kì í bá ṣe pé a kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, inú wa ìbá máa dùn, a kì bá sì mọ̀ pé ibì kan ṣì ń jò.

Nọ́ńbà yìí ń sọ ibi tí iṣẹ́ kù sí. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án kò lè gba ọmọ ọjọ́ mẹ́ta là. Ohun tí ó ń gbà á là ni pé kí ìyá rẹ̀ lọ fún ìtọ́jú aboyún, kí ó sì bí i lọ́wọ́ agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́. Kí a nu ọmọ gbẹ, kí a gbé e lé ìyá láyà kí òtútù má baà mú un. Kí ó mu ọmú kí wákàtí kan tó kọjá, kí a má sì fún un ní omi tàbí àgbo. Oògùn tí ilé ìwòsàn fún wa fún ìwọ́ ni kí a fi sí ìwọ́. Kí a má fi epo pupa, eérú, tàbí ìpara olóòórùn líle sí i. Bí ọmọ tuntun bá kọ ọmú, bí ó bá gbóná tàbí bí ó bá tutù rinrin, bí ó bá ń mí gúlegúle, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

BÍ RÉDÍÒ BÁ NÍ ỌDÚN 54

Àwọn kan gbọ́ pé ìrètí ọjọ́ ayé ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí ọdún 54, ẹ̀rù sì ba ẹni ọdún 53 pé ó ku ọdún kan. Rárá o. Ìṣirò ni. Ẹ ro ènìyàn mẹ́wàá: méjì kú ní ọmọ ọdún kan, mẹ́jọ dàgbà di ẹni 70 kí wọ́n tó kú. Bí a bá ro gbogbo ọdún wọn pọ̀, 562 ni. Bí a bá pín in sí mẹ́wàá, ó di ọdún 56 àti díẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó kú ní ọdún 56! Àwọn ọmọ méjì náà ni wọ́n fà á wálẹ̀. Bí ọmọ púpọ̀ bá ń kú, nọ́ńbà gbogbo ìlú a wálẹ̀. Bí ọmọ bá ń yè, nọ́ńbà a gòkè.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún odidi orílẹ̀-èdè sì lè bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ìwádìí 2018, nígbà tí wọ́n wo ọdún mẹ́wàá tí ó ṣáájú, ọmọ 187 nínú ẹgbẹ̀rún ni ó kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún ní ìhà Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn, ṣùgbọ́n 62 ni ní ìhà tiwa. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí yangàn. Ọmọ kan nínú mẹ́rìndínlógún ni 62 nínú ẹgbẹ̀rún; bóyá ẹ lè ka ọmọ mẹ́rìndínlógún ní àgbàlá tí ẹ ń gbé.

ỌMỌ TÍ A KÒ DÁRÚKỌ RẸ̀ MỌ́

Gbogbo nọ́ńbà tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹnu àwọn ìyá ni ó ti wá. Nílẹ̀ wa, ọ̀fọ̀ ni ikú ọmọdé. A a tètè sin ín, a kì í jẹ́ kí òbí rí ibojì rẹ̀, a a sì sọ fún ìyá pé kí ó nu ojú rẹ̀ nù, pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Àánú ni àwọn àgbà fi ṣe é, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ obìnrin dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá bi ìyá náà pé ọmọ mélòó ni ó bí, àwọn tí ó wà láàyè nìkan ni ó ń kà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ oṣù mọ́kànlá wá bá mi. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, ojú rẹ̀ funfun, ó sì ń sunkún bí a bá fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Ìyàwó, ọmọ mélòó ni o ti bí?"

Ó ní, "Méjì ni, mà."

Ìyá ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Mo bẹ Ìyá pé kí wọ́n bá mi lọ gba káàdì níta, mo sì fa àga mi súnmọ́ ọmọbìnrin náà. Mo ní, "Mo gbọ́ pé méjì wà nílé. Mélòó ni o fi inú rẹ bí?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mẹ́rin ni, mà. Wọ́n ní kí n má dárúkọ wọn mọ́, kí èyí má baà bá wọn lọ."

Ọ̀kan kú ní oṣù mẹ́wàá, èkejì kú ní ọdún kan ó lé oṣù méjì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ti wú báyìí rí. Ní ilé wọn, àbíkú ni wọ́n ń pè é. Mo kọ ìwé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èsì sì jáde pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni, èyí tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá papọ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ó ń dènà ibà àti èyí tí ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń pa ọjọ́ tí dókítà bá dá fún un mọ́. Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ báyìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn ọmọ méjì tí ó ti lọ ni ó jẹ́rìí fún àbúrò wọn. Bí ìyá náà bá ti dúró lórí "méjì," ẹ̀rí wọn ìbá ṣègbé. Bí ó ti rí nínú ilé kan, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìlú: ọmọ tí a kò kà kò lè gba ẹlòmíràn là.

KÁÀDÌ TÍ Ó TI ILẸ̀ WA JÁDE

Kíka ọmọ àti wíwọ̀n wọn kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Láàárín 1956 sí 1961, dókítà kan tí ó jẹ́ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ibẹ̀ láti ìgbà tí a bí wọn, wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ń kọ gbogbo àìsàn tí ó bá ṣe wọ́n sílẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ayé ti túbọ̀ mọ bí èéyí, àrùn tí ń fi ibà, ojú pípọ́n àti ara sísú mú ọmọ, ṣe ń pa àwọn ọmọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó.

Ibẹ̀ náà ni káàdì tí wọ́n pè ní Ọ̀nà sí Ìlera ti jáde. Oṣù ọmọ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n kílò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá wọn ọmọ, a ó fi tóótó kan sí i, a ó sì fa ìlà so wọ́n pọ̀. Ìlà tí ó ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Ìlà tí ó dúró lójú kan fún oṣù méjì mẹ́ta, ewu ń bọ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n fi káàdì náà sí, nínú ọ̀rá, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá sì pa á mọ́ dáadáa. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní àgbáyé.

Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá gbé ọmọ yín kọ́ sórí òṣùwọ̀n, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ bi í pé, "Ìlà ọmọ mi ńkọ́?"

WÍWÀ LÁÀYÈ YÀTỌ̀ SÍ ARA LÍLE

Ọmọ tí kò kú lè máà yè dáadáa. Nínú ìwádìí 2023 sí 2024, ọmọ 40 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún ni ó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ nítorí àìjẹunre-kánú àti àìsàn àìsimi. Ẹ lè rí téèpù aláwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Bí ó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, ó dára. Bí ó bá bọ́ sí yẹ́lò, kí a kíyè sí oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí pupa, tí apá náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 11 àti ààbọ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ti àgbàlagbà náà ńkọ́? Ẹ wo télọ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní ọdún 50, tí ó wà lórí ẹní títí di ọdún 65. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí nínú ìwé òkú, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ mọ ohun tí ó sọnù. Nítorí irú rẹ̀ ni Báńkì Àgbáyé ṣe lo ìwọ̀n kan nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993: wọ́n ń ka ọdún tí ikú àìtọ́jọ́ gbà, wọ́n sì ń ro ọdún tí àìlera bà jẹ́ mọ́ ọn. Ìwọ̀n yìí ni ó jẹ́ kí a rí ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú tí ó fọ́ àti ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì, tí ìwé òkú kì í rí dáadáa.

OHUN TÍ Ó KAN ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN

Mo mọ̀ pé ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń ka ènìyàn, owó orí ni ó sábà ń wá. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ojú burúkú. Ṣùgbọ́n iye ọmọ tí a bá kọ sílẹ̀ fún àdúgbò ni wọ́n fi ń mọ iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọn yóò gbé wá. Ẹni tí a kò kà, a kì í pín tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà:

Èkíní, ẹ gba ìwé ìbí ọmọ lọ́dọ̀ Àjọ Elétò Ìkànìyàn kí ọgọ́ta ọjọ́ tó kọjá. Òfin kọkàndínláàádọ́rin ti ọdún 1992 ti sọ ọ́ di dandan.

Èkejì, bí ikú bá ṣẹlẹ̀ nílé, ìbáà ṣe ti ọmọ ọjọ́ kan, kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan lọ fi sílẹ̀ nínú ìwé. Ẹ má ṣe rán ìyá ọmọ níṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú káàdì ọmọ lọ́wọ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ èéyí ní oṣù mẹ́sàn-án àti ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ̀kẹrin, bí àwọn tí ń ṣe ìwádìí bá kan ilẹ̀kùn, ẹ yẹ káàdì ìdánimọ̀ wọn wò, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ìyàwó láyè kí ó dáhùn fúnra rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí nọ́ọ̀sì bá bi yín pé ọmọ mélòó ni ẹ bí, ẹ ka gbogbo wọn.

ÌDÁNWÒ FÚN ÀWỌN ARÁ ILÉ

1. Ìlú kan bí ọmọ 400 lọ́dún. 20 kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Mélòó ni nínú ẹgbẹ̀rún? (Ìdáhùn: 50. Ẹni tí ó bá gbà á, kí Màmá bù ẹran kún tirẹ̀.)

2. Kí ni ìdí tí ìwé dìsípẹ́ńsárì nìkan kò fi lè sọ bí ara ìlú ti le tó?

3. Níbo ni ìwé ìbí àti káàdì ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé yín wà? Ẹ wá wọn kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Títí di ìgbà náà, kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí a sì máa kà wọ́n ní kíkún.

Èmi ni ti yín,
Nọ́ọ̀sì yín ní dìsípẹ́ńsárì.